Ìràwọ̀ Tí Wọ́n Fún Ọmọ Ọdún Mẹ́tàdínlógún

Díẹ̀ ni eré ìdárayá tí àwọn ènìyàn ti ń tètè díye lé ọmọdé tó bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, èyíinì ni eré tí wọ́n ń fi bọ́ọ̀lù tí ó rí bí ẹyin ṣe, tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ ju ẹsẹ̀ lọ, tí àwọn agbábọ́ọ̀lù sì ń dé akoto nítorí pé ara ni wọ́n fi ń kọlu ara. Nínú àwọn ọmọ tí ó tó mílíọ̀nù kan tí ń gbá a ní ilé ẹ̀kọ́ girama jákèjádò orílẹ̀-èdè náà, àwọn ilé iṣẹ́ bíi Rivals, 247Sports àti ESPN máa ń ṣa ẹgbẹẹgbẹ̀rún mélòó kan jọ lọ́dọọdún, wọn a wo fídíò eré wọn, wọn a wọn gíga àti ìwúwo wọn, wọn a ka ìṣẹ́jú àáyá tí wọ́n fi sáré, wọn a sì fún wọn ní ìràwọ̀, láti orí méjì títí dé márùn-ún. Ìràwọ̀ márùn-ún jẹ́ ti nǹkan bí ọgbọ̀n ọmọ tàbí kí ó lé díẹ̀, mẹ́rin jẹ́ ti ọgọ́rọ̀ọ̀rún tí ó tẹ̀lé wọn, mẹ́ta sì ni ti ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ àwọn tí yunifásítì lè fún ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ nítorí bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ náà kì í ṣe tuntun, nítorí pé láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni Tom Lemming ti ń wa mọ́tò kiri Amẹ́ríkà láti lọ wo irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, tí ó sì ń tẹ èrò rẹ̀ nípa wọn jáde nínú ìwé ìròyìn. Íntánẹ́ẹ̀tì ni ó sọ ọ́ di òwò ńlá.

Ó tọ́ kí a bi iṣẹ́ yìí léèrè bóyá ó mọ ọjọ́ iwájú, nítorí pé ọjọ́ iwájú gan-an ni ó ń tà. 247Sports kò fi èyí pamọ́ rárá: ẹgbẹ́ 32 ni ó wà nínú NFL, ìyẹn líìgì àwọn tí bọ́ọ̀lù yìí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ wọn, agbábọ́ọ̀lù 32 ni wọ́n sì máa ń yàn ní ìpele kìn-ín-ní, nítorí náà ni ilé iṣẹ́ náà ṣe ń gbìyànjú kí àwọn oníràwọ̀ márùn-ún rẹ̀ lọ́dọọdún má jìnnà sí 32. Ìyàn tí à ń sọ yìí ni wọ́n ń pè ní draft. Oṣù kẹrin ọdún ni ó máa ń wáyé, ìpele méje ni ó ní, ẹgbẹ́ tí ó fìdí rẹmi jù lọ ní ọdún tí ó kọjá ni ó sì sábà máa ń kọ́kọ́ yàn, àyàfi bí ó bá ti fi ipò rẹ̀ ṣe pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ mìíràn. Ọmọ kò lè wọ inú rẹ̀ láìjẹ́ pé ó kéré tán ọdún mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn tí ó jáde ilé ẹ̀kọ́ girama, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹni tí ó fún un ní ìràwọ̀ ń sọ̀rọ̀ nípa ara àti ọpọlọ tí kò tí ì dàgbà tán.

Àwọn baba wa sọ pé ọmọ tí yóò jẹ́ àṣàmú, kékeré ló ti ń jẹnu ṣámúṣámú. Bí a bá wo àwọn ọmọ wọ̀nyí lápapọ̀, òwe náà ní ẹ̀rí lẹ́yìn. Ní ọ̀pọ̀ ọdún, nǹkan bí ìdajì àwọn oníràwọ̀ márùn-ún ni ẹgbẹ́ NFL kan máa ń yàn nígbẹ̀yìn. Nínú àwọn oníràwọ̀ mẹ́rin, ó máa ń súnmọ́ ẹyọ kan nínú márùn-ún. Nínú àwọn oníràwọ̀ mẹ́ta, kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ẹyọ kan nínú ogún lọ, àwọn oníràwọ̀ méjì sì kéré jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ìpele kọ̀ọ̀kan ga ju èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, kì í sì í ṣe gíga kékeré. Jadeveon Clowney ni wọ́n fi ṣe ọmọ kìn-ín-ní nínú gbogbo àwọn ọmọ ọdún 2011, òun náà ni wọ́n sì kọ́kọ́ yàn nínú draft ọdún 2014. Myles Garrett ní 2017, Trevor Lawrence ní 2021, Travon Walker ní 2022, Bryce Young ní 2023 àti Caleb Williams ní 2024, gbogbo wọn ni oníràwọ̀ márùn-ún, gbogbo wọn sì ni ó wà ní ipò kìn-ín-ní nínú draft ọdún wọn. Ẹni tí ó bá rí èyí tí ó ṣì sọ pé ìméfò lásán ni ìràwọ̀, kò ṣe òdodo sí àwọn tí ń ṣe iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán nílẹ̀. Wọ́n á ní ẹ wo àwọn tí ó wà nínú NFL, oníràwọ̀ mẹ́ta ni ó pọ̀ jù níbẹ̀, kí wá ni ìràwọ̀ márùn-ún wúlò fún? Ọ̀rọ̀ náà dùn ún gbọ́, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò dúró, ó sì yẹ kí a tú u wò díẹ̀díẹ̀, nítorí pé àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá máa ń ṣì í sọ. Ká sọ pé ọmọ 30 ni wọ́n fún ní ìràwọ̀ márùn-ún lọ́dún kan, tí NFL sì yan ìdajì wọn. Ènìyàn 15 nìyẹn. Ká tún sọ pé ọmọ 2,000 ni wọ́n fún ní mẹ́ta, tí NFL yan ẹyọ kan péré nínú ogún, 100 nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá dúró sí ẹnu ọ̀nà NFL tí ó ń ka orí bí wọ́n ṣe ń wọlé, yóò rí oníràwọ̀ mẹ́ta ní nǹkan bí ìlọ́po méje tí ó rí oníràwọ̀ márùn-ún, yóò sì gbà gbọ́ pé àwọn adíwọ̀n ti ṣìnà. Ohun tí kò rí ni àwọn 1,900 tí kò dé ẹnu ọ̀nà náà rárá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìràwọ̀ ṣe mọ̀ ọ́n tó gbọ́dọ̀ dúró sí ibi tí àwọn ọmọ ti gbéra, kí ó máa bá wọn bọ̀. Kò gbọdọ̀ dúró sí ibi tí ìwọ̀nba díẹ̀ parí sí, kí ó máa wo ẹ̀yìn.

Kí ló fà á tí ìràwọ̀ fi ń mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀? Ara ni àkọ́kọ́, nítorí pé ẹni tí ó ga tí ó sì ń sáré ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ ní ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kò ní ṣàdédé di kúkúrú tàbí aláìlẹ́sẹ̀ ní ọmọ ọdún mọ́kànlélógún. Èkejì ni pé àwọn adíwọ̀n kì í dá ronú: bí akọ́nimọ̀ọ́gbá yunifásítì Alabama, Georgia tàbí Ohio State bá nawọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí ọmọ kan, ìràwọ̀ ọmọ náà sábà máa ń gòkè láìpẹ́, débi pé ohun tí a ń pè ní ìmọ̀ ilé iṣẹ́ ìròyìn jẹ́ ìmọ̀ àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá dé ìwọ̀n kan. Ẹ̀kẹta ni ó wúwo jù lọ lójú ẹni tí ó bá fẹ́ràn òtítọ́. Ọmọ tí ó ní ìràwọ̀ márùn-ún ni yóò lọ sí ilé ẹ̀kọ́ tí oúnjẹ, dókítà, olùkọ́ àti ibi ìdánrawò rẹ̀ dára jù, òun ni tẹlifíṣọ̀n yóò máa gbé eré rẹ̀, òun ni wọn yóò sì fún ní àǹfààní kejì bí èkíní bá bàjẹ́, nígbà tí oníràwọ̀ méjì tí ó bá ṣi ẹsẹ̀ gbé lẹ́ẹ̀kan yóò padà sórí bẹ́ńṣì. Ìràwọ̀ ń sọ tẹ́lẹ̀, ó sì tún ń ran ohun tí ó sọ tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ láti ṣẹ, kò sì sí òṣùwọ̀n kan tí ó lè ya apá kìíní kúrò lára apá kejì pátápátá.

Draft ọdún 2025, tí wọ́n ṣe ní ìlú Green Bay, fi ìhà kejì ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Cam Ward ni Tennessee Titans kọ́kọ́ yàn nínú gbogbo ènìyàn 257. Quarterback ni, ìyẹn ẹni tí ó ń ju bọ́ọ̀lù tí ó sì ń darí eré ẹgbẹ́ rẹ̀. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama ní West Columbia, ìpínlẹ̀ Texas, kò ní ìràwọ̀ kankan. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro mọ̀: ìlànà eré tí ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ń lò, tí wọ́n ń pè ní Wing-T, jẹ́ ti àwọn tí ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, quarterback kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ jù ú, nítorí náà kò sí fídíò púpọ̀ tí adíwọ̀n lè jókòó wò. University of the Incarnate Word, yunifásítì kékeré kan ní San Antonio, nìkan ni ó nawọ́ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sí i, lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Eric Morris. Láti ibẹ̀ ni Ward ti lọ sí yunifásítì Washington State, kí ó tó dé ti Miami.

Nínú draft kan náà, ní ipò 231, ní ìpele keje, ni Miami Dolphins yan Quinn Ewers. Ewers, ọmọ Southlake ní ìpínlẹ̀ Texas kan náà, ni ẹni tí ìṣirò àpapọ̀ 247Sports fún ní 1.0000, òṣùwọ̀n tí kò sí èyí tí ó ga jù ú lọ. Kò yẹ kí a pe Ewers ní ẹni tí ó kùnà o. Ó gbá bọ́ọ̀lù fún yunifásítì Texas fún ọdún mẹ́ta, ẹgbẹ́ rẹ̀ sì dé ìpele tí ó ṣáájú àṣekágbá ìdíje orílẹ̀-èdè lẹ́ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ó fara pa lásìkò kan sí òmíràn, àwọn olùyàn NFL sì rí àwọn àléébù tí kò hàn nígbà tí àwọn tí ń lé e jẹ́ ọmọ ilé ẹ̀kọ́ girama bíi tirẹ̀. Àwọn ènìyàn 229 ni ó wà láàárín ẹni tí wọ́n sọ pé kò sí irú rẹ̀ àti ẹni tí wọn kò rí rárá, ẹni tí wọn kò rí sì ni ó wà níwájú.

Iṣẹ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan ń ṣe lórí pápá pẹ̀lú kò jẹ́ kí ìràwọ̀ dọ́gba. Àwọn tí wọ́n ń pè ní tackle, tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti dí ọ̀nà kí alátakò má bàa dé ọ̀dọ̀ quarterback, gbọ́dọ̀ wúwo tó kílò 136 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí wọ́n tó lè jẹun nínú NFL, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ nígbà tí adíwọ̀n wá wò wọ́n. Ẹ wo draft ọdún 2013. Eric Fisher, tackle, ni wọ́n kọ́kọ́ yàn, láti Central Michigan, yunifásítì tí àwọn oníràwọ̀ márùn-ún kì í yà sí. Ẹni kẹrin ni Lane Johnson, tí ó jẹ́ quarterback ní ìlú kékeré Groveton, tí ó sì ti ilé ẹ̀kọ́ Kilgore dé Oklahoma, níbi tí wọ́n ti ń gbé e láti ipò dé ipò bí ara rẹ̀ ṣe ń tóbi, títí ó fi di tackle. Òun ni ó wá gba Super Bowl, ìyẹn àṣekágbá NFL, lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú Philadelphia Eagles. Ẹni karùn-ún ni Ezekiel Ansah, ọmọ Accra ní Ghana, tí kò gbá bọ́ọ̀lù yìí rí títí di ọdún 2010, nígbà tí ó ti wà ní yunifásítì Brigham Young. Kò sí adíwọ̀n tí ì bá fún un ní ìràwọ̀, nítorí pé kò sí ohun tí wọn ì bá wọ̀n. Central Michigan yìí kan náà ni J.J. Watt ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó lọ sí Wisconsin láìní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, tí ó sì gba àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù ìhà ìdáàbòbò tí ó dára jù lọ ní NFL lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ìdílé Yorùbá tí ó wà ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí bẹ́ẹ̀ ni kò mọ bọ́ọ̀lù yìí láti ilé, ìwé ni wọ́n fi síwájú, ọmọ wọn kì í sì í wà ní ibùdó ìdánrawò láti ọmọ ọdún mẹ́wàá. Olumuyiwa Fashanu ti wọ ilé ẹ̀kọ́ girama kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, síbẹ̀ ẹni kọkànlá ni ó jẹ́ nínú draft ọdún 2024. Olusegun Oluwatimi bẹ̀rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga Air Force, ó kọjá sí yunifásítì Virginia, ó sì parí sí Michigan, níbi tí ó ti gba àmì ẹ̀yẹ Outland àti Rimington ní 2022, kí Seattle Seahawks tó yàn án ní ìpele karùn-ún. Orúkọ irú wọn kò sí lókè lókè nínú ìwé ẹni tí ó ń ka ìràwọ̀.

Ohun tí ó mú kí gbogbo èyí ju ọ̀rọ̀ eré lọ ni owó. Láti oṣù keje ọdún 2021 ni NCAA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ní àwọn yunifásítì, ti gbà kí agbábọ́ọ̀lù fi orúkọ àti àwòrán ara rẹ̀ gba owó, láti ọdún 2025 sì ni ilé ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ ti lè san owó fún wọn, tí àpapọ̀ rẹ̀ lórí gbogbo eré lè tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là ní ọdún àkọ́kọ́ náà. Ewers pàápàá fi ilé ẹ̀kọ́ girama sílẹ̀ ní ọdún kan ṣáájú àkókò nítorí pé òfin Texas kò jẹ́ kí ó gba irú owó bẹ́ẹ̀ níbẹ̀. Ìràwọ̀ ti di iye owó báyìí, ìdílé tí kò ní lọ́wọ́ sì lè gbé gbogbo ìrètí rẹ̀ lé e. Níbi yìí ni ẹ̀bi àwọn ilé iṣẹ́ náà wà. Àwọn ni wọ́n ní àkọsílẹ̀ ogún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ nípa ẹni tí wọ́n fún ní ìràwọ̀ àti ibi tí ó parí sí, síbẹ̀ nọ́ńbà kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbé síwájú òbí, títí dé nọ́ńbà kẹrin lẹ́yìn àmì ìdá mẹ́wàá, bí ẹni pé wúrà ni wọ́n ń wọ̀n. Ó yẹ kí ó wà lábẹ́ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan pé nínú gbogbo àwọn tí wọ́n ti fún ní irú ìràwọ̀ yìí, ní irú ipò yìí lórí pápá, iye báyìí ni NFL yàn, iye báyìí ni wọn kò yàn, kí bàbá tí ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé àdéhùn lórúkọ ọmọ rẹ̀ lè kà á kí ó tó mú kálàmù.