Òdán Inú Ìkòkò Bàbá Ìbejì

Àwọn àgbà ló ní láti kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò, pé bó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Òótọ́ ni wọ́n sọ nípa ìrókò. Ṣùgbọ́n ti òdán yàtọ̀ díẹ̀, ìyẹn ló sì kó Bàbá Ìbejì, télọ̀ kan ní Ìkòsí, yọ lọ́wọ́ lánlọ́ọ̀dù rẹ̀.

Igi òdán kan wà nínú ìkòkò lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ló gbìn ín, òun ló sì jogún rẹ̀ nígbà tí ọ̀gá kú. Láyé ọ̀gá, igi náà kò ga ju ẹ̀rọ ìránṣọ lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ̀ka gba iwájú ṣọ́ọ̀bù, gbòǹgbò la ìkòkò. Ni lánlọ́ọ̀dù bá ní, "Bàbá Ìbejì, ẹ gbé igbó yín kúrò kí oṣù yìí tó parí, àbí kẹ́ ẹ wá ṣọ́ọ̀bù míì."

Ìyá Ìbejì, tó ń ta tòmátì ní Mile 12, ní kó gé e dànù, kó ra òmíràn. Ó ti rí àwòrán igi maple ilẹ̀ Japan lára kàlẹ́ńdà: ewé rẹ̀ dà bí àtẹ́lẹwọ́ ọmọ ọwọ́, ó pupa bí ata rodo.

Ọkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyá Ìbejì, ṣebí ìwọ náà mọ bí tòmátì Òkè Ọya ṣe ń rà bí mọ́tò bá pẹ́ lọ́nà? Igi òkèèrè le jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Ó rí i sọ. Lọ́dọọdún ni maple ń fẹ́ òtútù gidi fún oṣù bíi mélòó kan, tí yóò fi wọ́wé, tí yóò sùn, kó tó tún rúwé. Ọyẹ́ Èkó kò tó o. Bí a bá gbìn ín sí Ketu, oòrùn á jó ewé rẹ̀, á máa rẹ̀ ẹ́ títí á fi kú. Owó á sì gbé.

Títọ́ igi sínú ìkòkò kí ó kéré, kó sì tún jọ àgbà igi, bonsai làwọn ará Japan ń pè é. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni wọ́n ti kọ́ ọ. Igi páìnì kan wà ní Washington l'Ámẹ́ríkà tí wọ́n ti ń tọ́ nínú ìkòkò láti ọdún 1625. Ó wà ní Hiroshima lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹjọ ọdún 1945 tí bọ́ǹbù bọ́ síbẹ̀, kò sì kú. Ẹbí tó ni ín fi ta Amẹ́ríkà lọ́rẹ ní 1976. Níbi tí ooru wà bíi tiwa, ẹbí òdán làwọn oníṣẹ́ yìí fẹ́ràn, nítorí bó ti wù kó dàgbà tó, bí a bá gé e, á tún hù.

Bàbá Ìbejì kò gé e tán lọ́jọ́ kan. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó fi ayùn rẹ́ orí gíga kúrò lókè ẹ̀ka kékeré kan, kí ẹ̀ka yẹn lè di orí tuntun. Oje funfun ń dà bíi wàrà. Ó nù ún, kò jẹ́ kó kan ojú òun. Ó gbé igi àti ìkòkò tó là sínú bàsíà tó dá ihò sí. Iwájú ṣọ́ọ̀bù mọ́, lánlọ́ọ̀dù dákẹ́.

Ẹ̀ka kan ló fún un níṣòro. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì ló fi ń wò ó. Níkẹyìn ó gé e, ó ní, "Ọ̀gá ló kọ́ mi pé aṣọ tó bá fún ọmọ, ńṣe là á tú u, ká tún un rán."

Òjò ọdún kejì ló tó kan gbòǹgbò. Ó gé bí ìdá kan nínú mẹ́ta, ó gbìn ín sínú ìkòkò pẹlẹbẹ tó ní ihò nídìí. Yanrìn oníhóró, òkúta wẹ́wẹ́, èédú fífọ́ àti ilẹ̀dú díẹ̀ ló kó sí i. Nígbà tó rúwé dáadáa, ó fi wáyà kọ́pà tó gbà lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná wé ẹ̀ka, ó rọra tẹ̀ ẹ́. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì tú wáyà kó tó wọ èèpo. Kò gbé e wọ inú ilé, oòrùn loúnjẹ rẹ̀. Bí ojú erùpẹ̀ bá gbẹ ló ń bomi rin ín.

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́, bí igi yín bá ti ya igbó, ẹ má tíì sọ ọ́ nù. Ẹ kọ́kọ́ béèrè irú igi tó jẹ́. Bó bá jẹ́ òdán, ẹ gé ẹ̀ka lọ́dún yìí, kẹ́ ẹ fi gbòǹgbò sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Ẹni tó bá gé méjèèjì pọ̀ lọ́jọ́ kan, ó fẹ́ pa igi ni.