Ẹni Tó Bá Ilẹ̀ Pín Ẹrù

Láwùjọ wa, ẹni tó gbé ẹrù ni à ń kí kú agbára. Ẹni tó dúró ti ẹrù, tó ń wò ó láti òkè délẹ̀, tó ń wá ọ̀nà tí kò fi ní gbé e, ọ̀lẹ là ń pè é. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ní ìparí òjò, igi máńgòrò kan wó nínú àgbàlá wa. Ẹlẹ́rọ agégi gé e sí ìtì ìtì, ó gbowó rẹ̀, ó lọ. Ẹ̀yìn ilé ìdáná la fẹ́ kó wọn lọ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, géńdé ọkùnrin, ti ká apá ẹ̀wù sókè nígbà tí bàbá tí a bẹ̀ wá la igi wọlé.

"Ọmọ mi, ta ló bá ọ jà?"

"Kò sẹ́ni tó bá mi jà o, bàbá."

"Ó dáa. Fi igi sílẹ̀, jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó ná."

Ìtì igi kì í ṣe ẹgbẹ́ ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Èyí tó gùn ní mítà 1, tí ìbú rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 30, lè tó nǹkan bí kílò 70 bó bá ṣì tutù. Àpò sìmẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Ṣùgbọ́n omi kó ipa ńlá nínú ìwúwo yẹn. Nínú igi tútù mìíràn, omi tó ìdajì. Ẹni tó bá gbé e lọ́jọ́ tí wọ́n gé e, omi tí ọyẹ́ ì bá bá a fà gbẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ló ń rù. Èèpo igi a sì máa sé omi náà mọ́nú. Ìdí nìyẹn tí bàbá fi gbé àáké, tó la igi níbi tí wọ́n wà gan-an. Ìtì tí a là sí mẹ́rin, ẹ̀là kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí kílò 18 lọ, afẹ́fẹ́ sì ti ráyè wọ̀ ọ́.

Àwọn tó ní kókó lára, tí àáké kò ràn, yíyí ni a yí wọn. Bàbá ti irin gbọọrọ bọ abẹ́ igi, ó fi òkúta tì í nítòsí. Bí ibi tí ọwọ́ wà bá jìnnà sí òkúta ní ìlọ́po 5 ibi tí igi wà, ìdá kan péré nínú márùn-ún ìwúwo náà ló kù fún ọwọ́. Bí igi bá ti ṣí, a tẹ́ ọ̀pá méjì sílẹ̀ fún un kó má baà rì sínú ẹrẹ̀, a tì í láti ẹ̀yìn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró sí ìsàlẹ̀ ibi tó ń yí lọ. Nínú bárò tí a fi kó àwọn ẹ̀là pàápàá, iwájú, nítòsí táyà, la kó èyí tó wúwo sí, kí táyà lè gbé púpọ̀ nínú ìwúwo náà.

Àwọn tó ń fi gẹdú jẹun ti mọ èyí tipẹ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, gẹdú láti igbó ẹkùn Oǹdó ń gba ojú omi dé Òkòbàbà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta. Wọ́n á dì wọ́n pọ̀, ọ̀sà á gbé wọn. Igi tó bá wúwo tó lè rì, wọ́n á so ó mọ́ èyí tó fúyẹ́. Alágbára wo ló lè ru ohun tí ọ̀sà ń rù? Obìnrin tó ń ká òṣùká kó tó gbé ìdì igi karí náà kò yàtọ̀ sí wọn.

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mo mọ àwọn ọkùnrin tí ẹ̀yìn ń dùn lónìí nítorí ẹrù tí wọ́n fi ìgbà èwe gbé, tí ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú wọn. Ọjọ́ tí a bá yan ìgbà tí a ó gé igi, ibi tí a ó ti là á, àti ibi tí òkìtì rẹ̀ yóò wà, ọjọ́ náà ni iṣẹ́ ti parí dé ìdajì. Ẹni tó bá fo ìrònú yẹn, ẹ̀yìn rẹ̀ ni yóò san gbèsè náà.