Moo Kì í Ṣe Igbe Màlúù

Ọ̀pọ̀ àwa tí a dàgbà ní agbègbè Ìwó ló mọ orúkọ Thailand kí a tó mọ ibi tó wà lórí àwòrán ayé. Ara àpò ìrẹsì la ti kọ́kọ́ kà á. Ní ilé wa ní Olúpọ̀nnà, bí ìrẹsì bá tán, wọn a gbọn àpò náà, wọn a fi kó àgbàdo tàbí èlùbọ́. Nígbà tó di oṣù Kẹfà 2015, Báńkì Àpapọ̀ fi ìrẹsì kún ohun 41 tí wọn kò ní í ta owó ilẹ̀ òkèèrè fún mọ́, ìjọba tún ti ẹnubodè pa ní 2019, àpò náà sì wọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ìrẹsì nìkan la mọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tí àwọn tó gbìn ín fi ń jẹ ẹ́ fún wa.

Lọ́ńdọ̀nù ni mo ti mọ̀, nígbà tí mo lọ ka ìwé gboyè kejì nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Wọ́n ń fi ẹja jẹ ẹ́, wọ́n ń fi edé àti adìẹ jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n ẹlẹ́dẹ̀ kò ṣeé yà fún lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ń sun ún, wọ́n ń dín in, wọ́n ń gé e wẹ́wẹ́ sínú ata. Púpọ̀ nínú oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ yìí ló tọwọ́ àwọn ará Ṣáínà tó ṣí wá sí ìlú wọn wá. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́dẹ̀ yìí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó kan ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ilé tó jẹ́. Olúpọ̀nnà wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Ayédìrẹ́, ẹ̀gbẹ́ Ìwó ló wà. Ìlú Ìsìláàmù ni Ìwó ti jẹ́ láti ayé Olúwòó Lámúyè, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Onítẹ̀bọmi fìdí kalẹ̀ sí, tí Yunifásítì Bowen fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní 2002. Àwọn tó jẹ́ pé ìwé ìròyìn nìkan ni wọ́n fi mọ̀ wá rántí oṣù Kẹfà 2016, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun dájọ́ lórí híjáàbù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan sì wọ aṣọ ìjọ wọn lọ sí Baptist High School, Ìwó. Òótọ́ ni, ó ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá tíì jẹun nínú ilé wa kò tíì mọ bí a ṣe ń gbé.

Mùsùlùmí ni bàbá àgbà mi. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń ṣe ẹ̀sìn bàbá wọn, bàbá mi sì di Onítẹ̀bọmi nígbà tó wà ní ilé-ìwé. Agbo ilé kan náà ni gbogbo wa ń gbé. Bí Kérésì bá dé, bàbá àgbà ló ń pa adìẹ wa. Wọn a mú ọ̀bẹ, wọn a dárúkọ Ọlọ́run, wọn a dú u. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí ohun ìyanu. Tí bàbá mi bá pa á fúnra wọn, ìdajì ilé kò ní í lè jẹ ẹran Kérésì, irú Kérésì wo nìyẹn? Bí ọ̀rẹ́ bàbá mi kan bá sì gbé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wá, ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n ti ń sè é, nínú ìkòkò dúdú kan tí kì í wọ ilé ìdáná láéláé.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí nìkan. Yorùbá ti mọ èèwọ̀ kí ẹ̀sìn méjèèjì tó dé. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, ọlọ́ya kì í jẹ àgùntàn, kò sì sẹ́ni tí í bi wọ́n pé kí ló dé. Lónìí, ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, ọmọ ìjọ Adventist náà kì í jẹ ẹ́, Kìrìsìtẹ́nì sì ni àwọn méjèèjì.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi yìí, ẹ̀gbọ́n mi, ni a jọ jẹun nínú abọ́ kan láti kékeré. Òun ló ń pín ẹran, èmi ni mo ń fọ abọ́. Ó ti lo ọdún mẹ́sàn-án ní Lọ́ńdọ̀nù kí èmi tó dé. Bó bá wá kí mi ní yàrá mi, á mú oúnjẹ tirẹ̀ wá nínú kúlà kékeré kan, á jẹ ẹ́, á bá mi ṣeré, á lọ. Àwa márùn-ún la jọ ń lo ilé ìdáná níbẹ̀, sọ́séèjì ẹlẹ́dẹ̀ kì í sì í kúrò nínú fíríìjì. Kò sọ nǹkan kan rí. Èmi náà ò sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo ń wo kúlà yẹn, mo ń rò ó pé abọ́ tí a jọ ń jẹ ní Olúpọ̀nnà ti dúró sí òdìkejì òkun.

Ọjọ́ tí mo fi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi sílẹ̀, ó ní òun á gbé mi jáde lọ jẹun, kí n mú ẹnikẹ́ni tó bá wù mí dání. Mo mú ẹlẹgbẹ́ mi kan ní kíláàsì, ọmọbìnrin kan láti Thailand. Ohùn orí ọ̀rọ̀ ló sọ wá dọ̀rẹ́. Yorùbá ní ohùn mẹ́ta, tiwọn jẹ́ márùn-ún: òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ bíi tiwa, pẹ̀lú èyí tó ń ròkè àti èyí tó ń rodò. Bí o bá pe *maa* ní ohùn àárín, “wá” lo wí. Bó bá jẹ́ ohùn òkè, ẹṣin ni. Bí ohùn rẹ bá ròkè, o ti pe ajá. Wọ́n tún ní *phi* àti *nong*, ìyẹn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò gẹ́lẹ́, láìwo ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà, bó ṣe rí ẹ̀gbọ́n mi, ó mọ bó ṣe yẹ kó pè é.

Òun ló mú wa lọ sí ilé oúnjẹ kékeré kan ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Búkà ni kí n pè é: àpótí oníke la jókòó lé, tábìlì kò ní aṣọ, pátákó dúdú kan ni wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ oúnjẹ sí. Moo Ping. Moo Krob. Pad Kra Pao Moo. Khao Kha Moo.

Ẹ̀gbọ́n mi ka pátákó náà, ó bú sẹ́rìn-ín. “Àwọn wọ̀nyí mà dára o! Igbe màlúù ni wọ́n fi ń pe ẹran màlúù. Ẹ bá mi gba Moo Ping yẹn, ó jọ pé wọ́n fi igi gún un bíi súyà.”

Òótọ́ ni pé wọ́n ń fi igi gún un. Ṣùgbọ́n *moo*, tí ohùn rẹ̀ ń ròkè lẹ́nu wọn, ẹlẹ́dẹ̀ ni.

Kí n tó la ẹnu, ọmọbìnrin náà ti gbé ọwọ́ sókè. Ó ní, “Phi, ẹlẹ́dẹ̀ ni gbogbo èyí tí wọ́n kọ moo sí. Mùsùlùmí ni yín, àbí?” Ẹ̀gbọ́n mi ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó dìde, ó lọ sí ojú fèrèsé ilé ìdáná, ó bá obìnrin tó ń sè é sọ èdè wọn. Ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Nígbà tó dé, ó rò fún wa: òróró tí wọ́n fi dín ẹlẹ́dẹ̀ náà ni wọ́n fi ń dín gbogbo nǹkan mìíràn, nítorí náà ká má fọwọ́ kan ohun dídín. Agbada kan náà ni wọ́n fi ń yí ẹran gbogbo. Ṣùgbọ́n ìkòkò tí wọ́n fi ń fi ooru omi sè ẹja dá dúró, ẹlẹ́dẹ̀ kì í dé ibẹ̀, ìyá náà á sì lo ọ̀bẹ àti pátákó ìgéǹkan mìíràn.

Ẹ̀gbọ́n mi wo pátákó lẹ́ẹ̀kan sí i, ó rí Massaman. Ọmọbìnrin náà ní ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé ara “Mùsùlùmí” ni orúkọ yẹn ti wá, nítorí ọwọ́ àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ni wọ́n ti kọ́ ọbẹ̀ náà. Ọbẹ̀ àgbà ni: ọmọ ọba tó wá di Ọba Rama Kejì ní 1809 ti kéwì nípa rẹ̀. Ojú ẹ̀gbọ́n mi tàn. Lẹ́yìn náà ló béèrè ẹni tó pa adìẹ inú rẹ̀. Ọjà ni wọ́n ti rà á, kì í ṣe ti hàláàlì. Ó rẹ́rìn-ín, ó fi í sílẹ̀. Orúkọ Mùsùlùmí wà lára ọbẹ̀, Mùsùlùmí tó jókòó sí ìdí tábìlì kò sì lè jẹ ẹ́. Ìbéèrè ló fi í hàn, orúkọ kò lè fi í hàn.

Ó mú ẹja tí wọ́n fi ooru omi sè pẹ̀lú ọsàn wẹ́wẹ́, ááyù àti ata. A tún mú som tam. Ká tó rí i la ti gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú ilé ìdáná: odó àti ọmọ odó. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wo ara wa. Ìbẹ́pẹ tútù ni wọ́n ń rẹ́ wẹ́wẹ́, tí wọ́n ń gún pẹ̀lú ata, edé gbígbẹ àti omi ọsàn. Ata yìí, “ìgbẹ́ èkúté” ni wọ́n ń pè é nítorí bó ṣe kéré tó. Ata àti ìbẹ́pẹ, ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn méjèèjì ti wá, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ fún ará Olúpọ̀nnà pé ata kì í ṣe tiwa?

Ó wá ku èmi. Mo ní kí wọ́n fún èmi náà ní ẹja. Ẹ̀gbọ́n mi gbé ojú sókè.

“Kí lo fẹ́ jẹ gan-an?”

“Ẹja náà ti tó, ẹ̀gbọ́n mi.”

“Má purọ́ fún mi. Láti ìgbà tí a ti wọlé lo ti ń wo Moo Krob yẹn. Èèwọ̀ mi kì í ṣe èèwọ̀ rẹ. Ṣé bàbá rẹ gbààwẹ̀ nítorí bàbá mi rí ni? Gba ohun tí o fẹ́. Ṣáà fi sí ọ̀dọ̀ rẹ.”

Mo gbà á. Ẹran náà dùn, awọ rẹ̀ ń ró wàràkà lẹ́nu. Bí àwa, àwọn ará Thailand a máa gbé ọbẹ̀ sí àárín kí gbogbo ènìyàn bù ú, ṣùgbọ́n ọbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ṣíbí ìbùjẹ tirẹ̀ tí kì í dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Ẹja àti som tam wà láàárín, ẹlẹ́dẹ̀ wà ní ọ̀dọ̀ mi, pẹ̀lú ṣíbí tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi ṣíbí àárín bu ẹja sórí ìrẹsì mi, bó ti máa ń pín in nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Ó fún mi ní apá orí. Ó rántí pé orí ni mo fẹ́ràn.

Mo bi ọmọbìnrin náà pé báwo ló ṣe mọ gbogbo ohun tó yẹ kó béèrè. Hat Yai, ní gúúsù ìlú wọn, ni ilé rẹ̀ wà. Ẹlẹ́sìn Búdà ló pọ̀ jù ní Thailand, ṣùgbọ́n ní Pattani, Yala àti Narathiwat tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, Mùsùlùmí ló pọ̀ jù. Ó ní Mùsùlùmí ni aládùúgbò wọn, ìyá òun sì ní agbada kan tí ẹlẹ́dẹ̀ kò kàn rí, nítorí ọjọ́ tí aládùúgbò bá yà sílé. Mo rántí ìkòkò dúdú ẹ̀yìnkùlé wa. Ilé tiwa ya ìkòkò ẹlẹ́dẹ̀ sọ́tọ̀, ilé tiwọn ya agbada tí ẹlẹ́dẹ̀ kì í dé sọ́tọ̀. Ọgbọ́n kan náà ni.

Ohun tí mo mú kúrò níbẹ̀ nìyí: ẹni tí kò ní èèwọ̀ ló yẹ kó béèrè. Bí ẹni tó ní èèwọ̀ bá ń bi alásè léèrè òróró àti ọ̀bẹ, ó máa ń dà bíi pé ó ń ṣe àṣejù, àwọn tó kù á sì máa wo aago. Nígbà tó bá yá, á rẹ̀ ẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé kúlà tirẹ̀ kiri. Ṣùgbọ́n bí ẹlòmíràn bá bá a béèrè, ìtọ́jú àlejò lásán ni. Bàbá àgbà kò tọrọ ọ̀bẹ lọ́wọ́ bàbá mi rí. Bàbá mi ló ń gbé e lọ bá wọn.

Ọ̀sẹ̀ kejì, ẹ̀gbọ́n mi wá sí yàrá mi. Kò gbé kúlà dání. Agbada ìdíǹkan tuntun kan ló gbé wá, bébà ṣì wà lára rẹ̀. Ó ní, “Tèmi nìyí níbí. Bá mi fi pamọ́ sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.” Ẹyin la dín nínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, abọ́ kan la sì ti jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin tó ń ṣètò àsè ìparí ọdún ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa, mo mọ̀ pé owó kò tó, alásè kan náà lẹ sì ń pè lọ́dọọdún. Kò gba owó láti fi ìlà kan kún fọ́ọ̀mù tí ẹ fi ń kọ orúkọ: “Kí ni ẹ kì í jẹ?” Ẹ béèrè ẹni tó pa ẹran. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ti dín nínú òróró náà kí wọ́n tó dín pọ́ọ̀fù. Ẹ má dúró de Mùsùlùmí, ọmọ Sẹ̀lẹ́ tàbí ọlọ́ya tó wà láàárín yín kó tó bẹ̀rẹ̀ àlàyé. Nígbà tí a pe ilé lálẹ́ ọjọ́ tí a jẹ ẹja yẹn, ìyá ẹ̀gbọ́n mi kò béèrè iye tí a ná tàbí bí ibẹ̀ ṣe rí. Wọ́n ní, “Kí lẹ jẹ? Ta ló sè é? Ṣé wọ́n mọ̀ pé ẹ̀yin méjèèjì ni?”