Ta Ni Yóò Dìde Fún Ta?

Kì í ṣe gbogbo èrò tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ló máa ń yọjú. Ara ẹlòmíì lè má yá, ìpàdé ẹlòmíì lè yẹ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ sì lè dá àwa ará Galadimawa ní Abuja dúró sí ráńdábáùtù wa títí bàálù yóò fi gbéra. Ìdí nìyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi ń ta ìjókòó ju iye tó wà lọ. N kò bínú sí ìyẹn. Ìjókòó tó bá ṣófo lọ ti di òfò, kò ṣeé tà mọ́ lọ́la. Ohun tó ń dùn mí ni bí wọ́n ṣe ń yan ẹni tí wọn yóò yọ nígbà tí gbogbo èrò bá pé.

Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn bàálù ló kún jù, wọ́n á gbé àwọn kan síwájú, àwọn yẹn á sì máa dúpẹ́. Bí bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì bá kún ńkọ́? Wọ́n á wo ẹni tí owó tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kéré, ẹni tí kì í bá wọn rìn déédéé, ẹni tó pẹ́ dé káńtà, wọ́n á sì dá a padà sẹ́yìn. Lójú tèmi, ẹni tí kò ní baba ìsàlẹ̀ ni.

Ó ṣẹlẹ̀ sí ìyá àgbà kan ládùúgbò wa. Orúnkún ń yọ wọ́n lẹ́nu, àwọn ọmọ wọn sì dáwó jọ ra bísínẹ́ẹ̀sì fún wọn lọ sí Yúróòpù, kí wọ́n lè na ẹsẹ̀. Káńtà ni wọ́n ti sọ fún wọn pé ẹ̀yìn ni wọn yóò jókòó. “Kò burú, ọmọ mi,” ni Màmá wí. Wọn ò mọ̀ pé ẹ̀tọ́ wọn wà níbẹ̀.

Ó wà níbẹ̀. Òfin Yúróòpù ti ọdún 2004 sọ pé bí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ Yúróòpù bá já èrò sí kíláàsì ìsàlẹ̀ nínú ìrìn tó gùn tó ti Abuja sí Paris, ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún owó ìrìn náà ni yóò dá padà láàárín ọjọ́ 7. Nílé wa níbí, ìlànà NCAA, àjọ tó ń mójú tó ọkọ̀ òfurufú ní Nàìjíríà, sọ pé bí wọn kò bá ní ìjókòó fún èrò rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ wá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá já sílẹ̀ láìfẹ́ yóò gba, ó kéré tán, ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún owó tíkẹ́ẹ̀tì lábẹ́lé, tàbí 30 fún òkè òkun.

Wíwá ẹni tó máa yọ̀ǹda ara rẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ kó dé bísínẹ́ẹ̀sì. Láti 1968 ni Julian Simon, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Amẹ́ríkà, ti dábàá pé kí wọ́n máa fowó bẹ èrò tó máa dìde, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sì kọjá kí ìjọba wọn tó gbà á. Ní Chicago lọ́dún 2017, ilé-iṣẹ́ kan ń wá àyè fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ 4. Nígbà tí $800 kò mú ẹnikẹ́ni dìde, wọn ò fi kún un mọ́. Wọ́n fúnra wọn yan èèyàn, àwọn ẹ̀ṣọ́ pápákọ̀ òfurufú sì wọ́ dókítà àgbàlagbà kan jáde tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Ká ní wọ́n fi owó kún owó ni, ẹnìkan ì bá dìde.

Iwájú bàálù tí Màmá wọ̀ kò lè ṣàìní ọ̀dọ́ tára rẹ̀ le, tí ì bá gba owó gidi kó sì lọ jókòó sẹ́yìn. Wọn ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ti ní kí àwọn ọmọ Màmá kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ náà, kí wọ́n so ìwé ìwọkọ̀ tí wọ́n fún Màmá ní káńtà mọ́ tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rà, kí wọ́n sì béèrè owó, kì í ṣe fáúṣà.