Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Lò Ó: Iṣẹ́ Sọ́fítíwíà ní Owódé

Ẹni tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ fún wa ní Owódé, nítòsí ibodè Ìdí-Ìrókò, ohun tó kọ́kọ́ máa ń bèèrè ni pé iṣẹ́ ta la ti ṣe rí. Àwọn akẹgbẹ́ wa ní Èkó a máa ṣí àwòrán aláràbarà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Èmi a máa ní ká jọ rìn dé ọjà, nítorí ọwọ́ àwọn tó ń fi ètò wa ṣòwò ni ìtàn iṣẹ́ yìí wà.

Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ gbà wá gbọ́. GSM ti wọ Nàìjíríà ní 2001, ṣùgbọ́n íntánẹ́ẹ̀tì kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa bó ṣe yẹ. Àwa tá a kọ́ kọ̀ǹpútà ní Poli Ìlaròó, iṣẹ́ ìwé títẹ̀ la fi ń jẹun. Bí táàmù bá ń parí lọ, àwọn tíṣà a jókòó ti máàkì, wọ́n á máa ro ó pọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú kí wọ́n tó mọ ẹni tó ṣe ipò kìíní. A fi Visual Basic 6 kọ ètò tó ń bá wọn ṣírò rẹ̀, a kó máàkì sínú Access. Bí wọ́n bá ti ń tẹ máàkì kọ̀ọ̀kan ló ń wọlé, débi pé bí NEPA bá mú iná, ìlà tó wà lójú ẹ̀rọ nìkan ló máa bá a lọ.

Iṣẹ́ tí mo fẹ́ràn jù ni ti ìyá oníṣòwò kan tó ń ra aṣọ ní Àjàṣẹ́ àti Kútọnu. Náírà àti sẹ́fà ló kún inú ìwé gbèsè wọn. Àwọn ètò ìṣirò tí ọwọ́ wa tó nígbà náà, iye ṣẹ́ńjì kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà. Bí o bá yí i padà láàárọ̀ yìí, aṣọ tí ẹnì kan gbé láwìn ní oṣù mẹ́ta sẹ́yìn náà á yí iye padà. Ìyá ní àwọn ò ní fara mọ́ ọn, pé ọjọ́ tí gbèsè bọ́ sílẹ̀ ló ni iye rẹ̀. Òdodo ni wọ́n sọ. A wá jẹ́ kí àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan gbé ọjọ́ rẹ̀, irú owó rẹ̀ àti ṣẹ́ńjì ọjọ́ náà dání, kí ẹnikẹ́ni má lè fọwọ́ kàn án mọ́. Sẹ́fà kì í rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ti so ó mọ́ yúrò ní 655.957, náírà tiwa ló ń sáré. Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà 2023, gbèsè àtẹ̀yìnwá ìyá kò mì rárá.

Ní oṣù kẹjọ 2019, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè. Nígbà tó di oṣù kọkànlá, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé epo lọ sí ilé epo tó wà láàrin kìlómítà 20 sí ibodè. Wọ́n ṣí Ṣẹ̀mẹ̀ ní oṣù kejìlá 2020, Ìdí-Ìrókò ò rí tirẹ̀ gbà àfi oṣù kẹrin 2022. Nígbà tí wọ́n ti ibodè, a ti parí ètò kan fún àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù lọ́wọ́ kọ́sítọ́ọ̀mù. Kò sí ẹrù tí wọ́n máa kọ sínú rẹ̀. Ó ṣì ń dùn mí, nítorí èèyàn gidi ni wọ́n, òwò tó tọ́ sì ni wọ́n ń ṣe.

Àwọn alájọ ló gbé wa ró lákòókò yẹn. Ojú 31 ló wà lórí káàdì àjọ, owó ọjọ́ kìíní sì jẹ́ ti alájọ. Ètò tá a ṣe ń gba owó sílẹ̀ lórí fóònù alájọ, bí nẹ́tíwọ̀kì ò tilẹ̀ sí. Bó bá ti dé, á fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ sí oníbàárà. A ò gba káàdì kúrò lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni o. Ìyá aláta fẹ́ fi ojú ara wọn rí i kí wọ́n fi báírò sàmì sí i, ẹ̀tọ́ wọn sì ni. Nígbà tí owó bébà wọ́n bí ojú ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, a fi ibi tí alájọ ti lè sọ bóyá ọwọ́ ni owó gbà wọlé tàbí báńkì kún un.

Iṣẹ́ tó wà nílẹ̀ báyìí, ti ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ yẹn ni. Windows XP ni kọ̀ǹpútà wọn ń lò, Microsoft sì ti pa á tì láti oṣù kẹrin 2014. Àwọn ọmọ tó jáde níbẹ̀ ti di bàbá àti ìyá ọmọ, wọ́n ń wá èsì wọn láti fi wáṣẹ́ tàbí rìnrìn àjò. À ń kó máàkì wọn jáde láti inú Access, sẹ́ẹ̀tì kan lẹ́yìn òmíràn, à ń fi wé bébà tí àwọn tíṣà fọwọ́ kọ kó tó wọ ibi tuntun. Ọ̀gá àgbà bèèrè iye tá a máa gbà. Mo ní kí wọ́n sáà máa bu epo sí jẹnẹrétọ̀ fún wa.