Nígbà Tí Ẹrù Fẹ́ Gba Àyè Màmá

Ìjàpá ni a ń pe ọkọ̀ Volkswagen Beetle nílẹ̀ wa, nítorí ẹ̀yìn rẹ̀ tó rí rogodo. Bàbá mi ra tiwọn ní 1981. Nígbà tí wọ́n papò dà, èmi ni mo jogún rẹ̀. Wọ́n ti ṣèlérí fún Màmá pé àwọn méjèèjì yóò fi ọkọ̀ náà lọ wo omi Olúmirìn ní Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà, tí ń já láti orí àpáta ní ìpele méje. Ikú kò jẹ́.

Ní ìsinmi Àjíǹde tó kọjá, mo pinnu láti mú ìlérí náà ṣẹ. Èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa méjì àti Màmá yóò gbéra láti Ìbàdàn, a ó sì pàgọ́ sùn fún òru méjì.

Ìbẹ̀rù ni mo fi di ẹrù. Bí òjò bá rọ̀ ńkọ́? Bí ebi bá pa wá ńkọ́? Mo kó ìkòkò mẹ́ta, kúlà, tìmùtìmù ńlá àti jẹnẹrétọ̀ kékeré. Búùtù Ìjàpá, tó wà níwájú, kò gbà wọ́n, nítorí táǹkì epo àti táyà àpààrọ̀ ti gba púpọ̀ nínú rẹ̀. Mo bá ń to ìyókù sórí àga ẹ̀yìn.

Màmá jáde pẹ̀lú àpò kékeré kan lọ́wọ́. Wọ́n wo àga ẹ̀yìn, wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Ẹ máa lọ o, ọmọ mi. Ọkọ̀ ti kún. Èmi yóò ṣọ́ ilé."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí ní akínyẹmí ara. Mo ti fi jẹnẹrétọ̀ gba àyè ẹni tí mo tìtorí rẹ̀ ń rìn.

A tú ẹrù sílẹ̀. Àgọ́, ẹní, aṣọ ìbora, ìkòkò kan, gààrí, omi mímu, tọ́ọ̀ṣì àti oògùn Màmá ni a mú. Ẹnì kọ̀ọ̀kan mú àpò aláṣọ kan ṣoṣo, nítorí àpò rírọ̀ a máa wọ kọ̀rọ̀ tí àpótí kò lè wọ̀. A kò jẹ́ kí ohunkóhun dí ihò tí ẹnjìnnì fi ń mí lẹ́yìn, nítorí afẹ́fẹ́ ni ó ń tù ú, kì í ṣe omi.

Òjò rọ̀ lóru àkọ́kọ́. A fún ara wa mọ́ra nínú àgọ́. Ebi kò pa wá. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Màmá jókòó ní ìpele kìn-ín-ní, wọ́n ti ẹsẹ̀ bọ omi, wọ́n sì pe oríkì Bàbá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ẹ̀yin òǹkàwé, bí ẹ bá ń palẹ̀ ìrìn àjò mọ́, ènìyàn ni kí ẹ kọ́kọ́ wá àyè fún. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti ẹrù.