Ẹ Má Tíì Sanwó Ọkọ̀ Afẹ́ Màmá

London,
Oṣù Kẹsàn-án, 2025.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Mo rí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ yín pé ẹ fẹ́ sanwó sílẹ̀ fún ọkọ̀ afẹ́ tó ń gbé àlejò yí London ká, fún ọjọ́ kejì tí ẹ̀yin àti Màmá bá dé nínú oṣù Kọkànlá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì san án. Ọkọ̀ yẹn dára lọ́jọ́ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, ó sì yẹ fún owó rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ń rọ̀, bọ́ọ̀sì pupa tí ará ìlú ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ ló yẹ kí ẹ gbé Màmá wọ̀.

Òjò ibí kò dà bí tiwa. Ká ní ká wọn omi tó ń rọ̀ lọ́dún ni, Èkó ju London lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n tiwa sábà máa ń ya lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, a ó sá sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ títí yóò fi dá. Ti ibí lè máa ṣe wíníwíní láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, pẹ̀lú atẹ́gùn tútù tó ń gba inú aṣọ wọlé. Nínú oṣù Kọkànlá, kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù, ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ní kí òjò dá kóun tó jáde lè fi gbogbo ọjọ́ jókòó sílé. Nítorí náà, ẹ jáde, àmọ́ ẹ wo ibi tí ẹ ó jókòó sí. Òkè ọkọ̀ afẹ́ ni adùn rẹ̀ wà, òkè náà kò sì ní òrùlé, tàbí kó jẹ́ apá kan ni wọ́n bò. Bí òjò bá ti dé, èrò á rọ́ sí ìsàlẹ̀, èémí wọn á bo gíláàsì. Ohùn tó ń sọ ìtàn á máa ní kí ẹ wòkè, ẹ̀yin ò sì ní rí ju ẹsẹ̀ ògiri àti agbòjò àwọn tó ń kọjá.

Bọ́ọ̀sì pupa alájà méjì ní òrùlé, gíláàsì gbàgàdà ló sì wà níwájú òkè rẹ̀. Ẹ mú Nọ́ńbà 15. Ẹ̀bá Trafalgar Square ló ti ń gbéra, á gba Strand àti Fleet Street, á sì gun Ludgate Hill, níbi tí ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's ti máa yọ sí Màmá lọ́ọ̀ọ́kán. Christopher Wren ló ya àwòrán rẹ̀. Ọdún 1675 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ, lẹ́yìn tí iná ńlá 1666 ti ba èyí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ jẹ́. Níwájú díẹ̀ ni Monument wà, òpó òkúta tí wọ́n fi ṣèrántí iná yẹn. Gíga rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 202, nítorí iye yẹn náà ló wà láàárín ìdí rẹ̀ àti ibi tí iná ti bẹ̀rẹ̀ ní Pudding Lane. Ẹ sọ èyí fún Màmá kí ẹ tó débẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Tower of London, tí Ọba William Aṣẹ́gun bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí àádọ́ta-dín-lẹ́gbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn. £1.75 ni gbogbo rẹ̀ ní 2025 yìí. Bí ẹ bá tún wọ bọ́ọ̀sì mìíràn kí wákàtí kan tó pé, wọn ò ní yọ owó mọ́.

Ẹ ó sọ pé kò ní sí ẹni tí yóò máa ṣàlàyé. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n gbà sílẹ̀ kò lè dá Màmá lóhùn bó bá béèrè ọ̀rọ̀, ẹ sì mọ̀ pé á béèrè. Ẹ̀yin lẹ ó máa dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ orúnkún rẹ̀ ló jẹ mí lógún jù, nítorí bọ́ọ̀sì kì í dúró de ẹni tó ń gun àtẹ̀gùn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wọ̀ ọ́ níbi tó ti ń gbéra, nígbà tó ṣì ṣófo, kí Màmá lè fara balẹ̀ gòkè kó tó ṣí. Bí orúnkún bá kọ̀ jálẹ̀, ìjókòó àwọn àgbà wà nísàlẹ̀ lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà. Mo gbà pé kò ní rí tó ẹni tó wà lókè, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ náà ni ìsàlẹ̀ ọkọ̀ afẹ́, tí owó rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po lọ́nà púpọ̀.

Bí ẹ bá ń padà bọ̀, ẹ sọ̀ ní Aldwych, kí ẹ wọ bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Holborn, kí ẹ wá mú Màmá lọ sí British Museum. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì móoru. Ọ̀dọ̀ wọn ni orí idẹ Ifẹ̀ kan wà, lára àwọn tí wọ́n hú ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938. Ibẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ idẹ tí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ní ààfin Ọba Bìní ní 1897 wà. Ọ̀rọ̀ á jáde lẹ́nu Màmá níbẹ̀, ó sì yẹ kó jáde.

Awakọ̀ kì í gba owó lọ́wọ́. Káàdì lẹ ó fi kan ẹ̀rọ aláwọ̀ yẹ́lò bí ẹ bá ń wọlé, kò sídìí láti tún fi kàn án nígbà tí ẹ bá ń sọ̀. Káàdì kan kò lè san ti ẹni méjì, nítorí náà èmi á wá ti Màmá sílẹ̀. Ẹ bá mi kí i dáadáa, kí ẹ sì di bàtà rẹ̀ tí kì í yọ̀ sínú ẹrù.

Èmi ni, àbúrò yín.